Kásẹ́ẹ̀tì Tí Mo Fi Ránṣẹ́ sí Fàtímọ̀

Ilé Alágbẹ̀dẹ,
Ẹdẹ.
Oṣù Kejì, 1988.

Fàtímọ̀, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí òtútù Jọ́ọ̀sì ṣe yín ní jàǹbá. Ara tèmi le. Ìyá yín, Àwáwù, kú ní ọjọ́ kejì tí a túnu ààwẹ̀ èṣí. O mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣojú rẹ ni a ṣe sin ín. Mo tún un sọ torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ bá ọ sọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ fún mi pé ó sùn tàbí pé ó rìnrìn-àjò. Ó kú ni. Olúfúnkẹ́, ìyàwó Ọláníyan, tó ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé Bápítíìsì, ló ń bá mi kọ ìwé yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má bá mi tún ọ̀rọ̀ mi ṣe.

Lẹ́yìn tí ẹ ti padà, n kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju ẹ káàárọ̀ lọ. Ẹni tó bá wá tù mí nínú, mo máa ń bi í pé ṣé ó ti jẹun nílé kó tó wá. Wọn kò wá mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìyá yín kún inú mi, ó sì wù mí kí o gbọ́ ọ láti ẹnu èmi gan-an. Mo bá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Sàídì ní Alajue, ẹni tó ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì tà, bí àwọn èèyàn ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá fẹ́ fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ wọn ní Àbíjàn. Ó tẹ ẹ̀rọ, ó jáde lọ kírun, mo sì sọ̀rọ̀ títí kásẹ́ẹ̀tì fi kún. Mo ní kó bá mi fi ránṣẹ́ sí ọ.

Mo sọ ti ọjọ́ tí ìyá yín lọ tò fún ṣúgà ní kánsù, nígbà tí àwọn ṣójà ní kí gbogbo ayé máa tò. Ọ̀kan nínú wọn jágbe mọ́ ọn pé kó wọ inú ìlà. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ìyá tó bí ẹ tò kó tó bí ẹ ni?" Ṣójà yẹn fi fìlà bo ẹ̀rín. Mo sọ ti etí mi náà. Bó bá pè mí pé kí n wá la igi, n kì í gbọ́. Yóò pè títí. Lẹ́yìn náà yóò kọjú sí ògiri, yóò fọhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Mo ti bu oúnjẹ o." Kó tó pa ẹnu dé, mo ti dáhùn. Yóò ní, "Ẹ kú oríire. Etí ti là."

Nígbà tí o ránṣẹ́ padà pé wàkà tí mo fi ránṣẹ́ dùn, àmọ́ ṣé kò sí nǹkan, inú bí mi. Mo rò pé o ń fi mí ṣẹ̀sín. Àṣé Sàídì ti ṣèèṣì pààrọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Wàkà tí Ọlátúnjí onímọ́tò ra sínú ọkọ̀ rẹ̀ ló wá bá ọ ní Jọ́ọ̀sì. Ohùn tèmi ni Ọlátúnjí wá ń gbé kiri ìlú Awo àti ìlú Ara.

Ní ọjọ́ ọjà, mo wọ ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí Awo láìmọ̀. Mo gbọ́ ọkùnrin kan tó ń ráhùn nínú ẹ̀rọ. Mo ní nínú ara mi pé ẹnu bàbá yìí mà burú. Àfi ìgbà tó dárúkọ Àwáwù. Nígbà tó kan ibi oúnjẹ, gbogbo èrò jọ sọ ọ́ papọ̀ pé, "Etí ti là." Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n tòmátì lé ẹsẹ̀ ń nu ojú. Ó ní, "Ìyá yìí wù mí. Ó yẹ kí n lọ kí i."

Mo ní, "O ti pẹ́. Ó ti kú."

Ọlátúnjí wò mí nínú dígí. "Bàbá, ẹ má bà wá nínú jẹ́ láàárọ̀ yìí. Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ni mo sin ín. Èmi náà ni mò ń pariwo nínú ẹ̀rọ rẹ yẹn. Dá owó ọkọ̀ mi padà."

Ó tẹ bíréèkì. Gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ wá ń wò mí. Obìnrin yẹn kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú arafẹ́rakù, Bàbá." Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn pè mí, n kò dáhùn. Ó tún pè, mo dákẹ́. Ó wá sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé oúnjẹ ti délẹ̀. Fàtímọ̀, mo rẹ́rìn-ín. N kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá yín. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ara ọkọ̀ mú. Olúfúnkẹ́ náà ń rẹ́rìn-ín báyìí. Bí o bá rí ibi tí ìwé yìí ti wọ́, ẹ̀bi rẹ̀ ni.

Sàídì wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ mí. Mo ní kó dìde, kó lọ wá ẹ̀rọ kejì tí a ó fi máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tà. Ìlú le láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé wọn yẹn, dé, wàrà ti di ohun tí à ń fojú wò lásán, síbẹ̀ wọ́n ń ra kásẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ ń lọ jókòó síwájú ilé ẹni tó ní. Èmi àti Sàídì jọ ń pín èrè rẹ̀. Ìpín tèmi ni mo fi pààrọ̀ páànù ilé ẹ̀yìn tó ń jò. Wọ́n ní kí n tún sọ òmíràn, mo sì ti sọ ọ́. Esther tó ń se ọṣẹ fẹ́ sanwó kí n sọ nínú rẹ̀ pé ọṣẹ òun ni Àwáwù fi ń wẹ̀. Mo ní ìyá yín kò fojú kàn án rí. Ó ní, "Bàbá, ta ló máa mọ̀?" Mo ní èmi. Ohun tí mo sọ ni pé, "Esther ń ta ọṣẹ nítòsí ibùdó rélùwéè. Èmi kò tíì lò ó. Ẹni tó bá dọ̀tí, kó lọ wò ó." Sàídì kàn fi dán àwọn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wò ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, Esther kò ní ọṣẹ tó máa fi fọ ọwọ́ ara rẹ̀.

Ràṣídì àbúrò rẹ ló ń bínú. Níbi iṣẹ́ rẹ̀ ní kánsù, bí ọ̀gá bá pè é, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ní etí ti là. Ó wá bá mi, kò jókòó. Ó ní, "Bàbá, ìyá wa kì í ṣe ọjà. Ẹ ti sọ wọ́n di ẹ̀rín garéèjì." Ó ní bí kásẹ́ẹ̀tì kejì bá jáde, òun kò ní tẹ ilé yìí mọ́. Mo bi í bóyá ó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ó ní òun kò ní gbọ́ ọ láéláé. N kò bá a jà. Ìyá rẹ̀ ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n àwọn tí kò mọ Àwáwù rí ń dá mi dúró ní Ara, wọ́n ń bi mí irú ọbẹ̀ tó máa ń sè, mo sì ń dá wọn lóhùn. N kò fẹ́ pàdánù ọmọ nítorí kásẹ́ẹ̀tì. N kò sì fẹ́ padà sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn.

Kí Ọlọ́run dá ilé rẹ sí. Kí ọjà rẹ má kùtà. Kí àwọn ọmọ rẹ máa dá ọ lóhùn nígbà tí o bá pè wọ́n, kódà bí kò bá sí oúnjẹ.

Èmi ni bàbá tó bí ọ,
Jibril, ọkọ Àwáwù.

Mo tún rántí: Ràṣídì tó mú ìwé yìí wá rò pé òun ń bọ̀ wá fẹjọ́ mi sùn ọ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà nísàlẹ̀ àpò rẹ̀, kò mọ̀. Fún un ní oúnjẹ kó yó, kí o wá tẹ ẹ̀rọ, kí ẹ jọ gbọ́ ọ. Sàídì kò ní fọwọ́ kan ìkejì títí ìwọ yóò fi fèsì. Bí o bá ní ká dáwọ́ dúró, a ó dáwọ́ dúró, n kò ní bi ọ́ nídìí. Ìwọ ni àkọ́bí rẹ̀. Ó di ọwọ́ rẹ.