Ìdọ̀bálẹ̀ Tí Mo Ṣe Nítorí Mọ́tò Pupa

Bàbá mi tí fóònù mi ò lè kàn mọ́,

Wọ́n ti sá eré ìje mọ́tò àkọ́kọ́ fún sáà tuntun o. Ṣé wọ́n gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n ní alùjánńà? Mọ́tò pupa wa ló gbégbá orókè. A ti ń retí ẹ̀ títí irun fi hù sí mi lágbọ̀n. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń tẹ bíréèkì lórí kápẹ́ẹ̀tì nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́ já kọ́nà, tí kápẹ́ẹ̀tì fi lu débi pé ewúrẹ́ lè jìn sí i! Ẹ̀yin ló yẹ kí n dì mọ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè yọ̀, torí mọ́tò yẹn ló gbé mi sọnù sí Ifọ̀.

Ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé opó ni wọ́n ránṣẹ́ sí wa ní Mowe pé ẹbí fẹ́ ṣèpàdé. Ẹ̀gbọ́n yín, Bàbá Ifọ̀, ló ní òun fẹ́ mú mi sọ́dọ̀, kí n máa bá òun ta pákó, kí n sì máa lọ sílé ìwé níbẹ̀. Ìyá mi ò fẹ́. Èmi nìkan ló kù tó ní nílé. Ṣùgbọ́n ìyàwó kì í dá sí irú ọ̀rọ̀ yẹn lójú àwọn àgbà ẹbí yín, ẹ̀yin náà mọ̀ wọ́n. Ó wá ń kọ́ mi láti Mowe títí a fi dé Ifọ̀: bí wọ́n bá bi mí, kí n sọ pé ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo fẹ́ wà. Ẹnu mi nìkan ló gbójú lé.

A sùn síbẹ̀ mọ́jú, torí ìdájí lẹbí yín ń ṣèpàdé, lẹ́yìn ìrun àsùbá. Ìdájí náà ló bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń sáré lókè òkun. Kí ni kí n ṣe? Mo pa ohùn fóònù, mo há a sáàárín itan lábẹ́ jalamíà. Àwọn àgbà ń sọ̀rọ̀, mò ń mirí bí ọmọ gidi, ojú mi wà nísàlẹ̀. Ó ku ìyípo kan péré kí eré náà parí tí olórí ẹbí fi kọjú sí mi.

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé wàá tẹ̀lé Bàbá Ifọ̀?"

Àsìkò yẹn gan-an ni mọ́tò pupa já síwájú ẹni tó ti ń léwájú. Bàbá mi, itan mi fò láìgbàṣẹ. Fóònù ta jáde, ó yọ̀ lọ sábẹ́ àga Bàbá Ifọ̀. Mo bẹ́ tẹ̀lé e, mo na gbalaja, àyà mi kanlẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ wọn.

Ẹ ti mọ bó ṣe rí lójú wọn. Ọmọ ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó ti gbà nìyẹn. Bàbá Ifọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lé mi lórí, omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń pe orúkọ yín, wọ́n ní ẹ̀yin làwọn ń wò yẹn. Olórí ẹbí ti bẹ̀rẹ̀ àdúà. Àmín tí wọ́n ṣe, wọ́n gbọ́ ọ dé Abẹ́òkúta. Ta ló tó dìde láàárín àdúà kó ní fóònù lòun ń wá? Nígbà tí mo fi rí i fà yọ, eré ti parí, àwọn awakọ̀ ti ń da ọtí síra wọn lórí.

Ìyá mi ò pariwo. Ó kàn bá mi tún ọrùn jalamíà mi ṣe.

"Ẹnu ni mo ní kí o fi sọ ọ́."

Òun nìkan ló padà sí Mowe.

Bàbá Ifọ̀ ò fìyà jẹ mí o, ibẹ̀ ló ti le. Ẹran àwo tiwọn ni wọ́n ń bù fún mi. Gbogbo oníbàárà ni wọ́n ń fi mí hàn pé ẹ wo ọmọ tó fínnúfíndọ̀ tẹ̀lé mi. Pákó lọ́tùn-ún, pákó lósì, mo wà láàárín bí adìẹ abẹ́ àgò. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wojú bàbá yìí kí n sọ pé nítorí mọ́tò ni? Ṣé ẹ ò lè yọ sí wọn lójú àlá, kí ẹ bá mi sọ ọ́?

Lọ́la màá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá mi padà fún ìyá mi. Irú ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò ṣeé ṣe lóòró. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé, bí àyà mi bá ti kanlẹ̀, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ àdúà kí n tó lanu.

Èmi ọmọ yín, tí ìfẹ́ yín ga lọ́kàn mi ju gbogbo pákó Ifọ̀ tí wọ́n tò léra.