Alẹ́ Tí Mo Mú Baálé Mi Lọ Jẹ Sìpàgẹ́tì

                                        Ilé Kẹrìnlá, Yàrá Òkè,
                                        Òpópónà Ilé-Ìfìwéránṣẹ́,
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹni tí a jọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Baálé rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà á láàmú ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá àbíkẹ́yìn tó ń fi ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ ṣe mọ́tò? Mo kí gbogbo yín kú iṣẹ́, mo kí yín kú òòrùn yìí. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kò sí nǹkan kan, irọ́ ni mo pa. Fa àga kí o jókòó, ọ̀rọ̀ pọ̀.

O mọ̀ pé ìgbéyàwó ọmọbìnrin wa ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ohun tí n kò sọ fún ọ ni pé bàbá rẹ̀ ní òun kò ní í jókòó níbi oúnjẹ. Láti ìgbà tí àìsàn ti kọlù ú níbẹ̀rẹ̀ ọdún ni ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Onígbàjámọ̀ tó jẹ́ pé bó bá fá orí ẹnìkan, eṣinṣin á yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀! Ó ti ti ṣọ́ọ̀bù pa, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dùn mí tó pé kò jẹun lójú ẹnikẹ́ni mọ́. Inú yàrá ló ń jẹun, á ti ilẹ̀kùn, èmi á sì máa gbọ́ ìró ṣíbí lára àwo láti ìta. Ó ní òun á fa ọmọ òun lé ọkọ lọ́wọ́, òun á sì yọ́ lọ sílé kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, kí àwọn àna má baà fi òun ṣe ìran wò. Ọmọ gbọ́, ó bú sẹ́kún. Mo ní kó dákẹ́. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí èmi ìyá rẹ̀ bá ṣì ń mí, bàbá rẹ̀ á jókòó níwájú, á sì jẹun. O mọ̀ mí, bí mo bá ti sọ ọ́, ó parí.

Ilé oúnjẹ àwọn ará Ítálì kan wà ní ìkángun òpópónà wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfọṣọ. Mo yan ibẹ̀ nítorí pé àwọn tí baálé mi ń fá irun fún tẹ́lẹ̀ kì í dé ibẹ̀. Mo sì yan sìpàgẹ́tì, nítorí ẹni tó bá lè jẹ nǹkan gígùn yẹn ní gbangba, kò sí oúnjẹ ìgbéyàwó tó lè bà á lẹ́rù mọ́. Ó kọ̀ jálẹ̀. Mo ní kò burú, iná kò ní í jó ní ilé ìdáná mi lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ebi ti bá mi bẹ̀ ẹ́.

Mo ti dá ọgbọ́n kan kí a tó jáde. Ṣé o rántí òjé kéékèèké tí ọ̀gá wa kọ́ wa láti máa rán mọ́ ìṣẹ́tí kọ́tìnì, kí afẹ́fẹ́ má baà máa gbé e kiri? Mo rán an sí etí ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, apá ọ̀tún, mo rò pé ìwúwo rẹ̀ á mú ọwọ́ náà rọlẹ̀. Ẹyọ kan ìbá tó. Èmi rán mẹ́rin. Àṣejù, baba àṣetẹ́. N kò sì sọ fún un.

Ibẹ̀ kò tóbi. Aṣọ pupa òun funfun wà lórí tábìlì, wọ́n ki àbẹ́là bọ ẹnu ìgò, ọkùnrin kan sì wà nídìí ààrò lẹ́yìn, tó ń ju ìyẹ̀fun pípò sókè, tó ń hán an. Baálé mi fẹ́ jókòó kó kọjú sí ògiri. Kó tó dé ìdí àga náà, mo ti jókòó síbẹ̀. Ó ní búrẹ́dì nìkan tó òun. Mo sọ fún agbáwo pé kó gbé sìpàgẹ́tì méjì wá, kí ọbẹ̀ tòmátì pọ̀ lórí ẹ̀.

Bó ṣe gbé fọ́ọ̀kì, ọwọ́ rẹ̀ já lulẹ̀ sórí tábìlì, gbì! Ó tún gbé e, etí ṣẹ́ẹ̀tì gbá àwo, kò! Tọkọtaya tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yíjú wò wá. Èmi ń wo àbẹ́là. Ó fi ọwọ́ òsì tẹ etí ṣẹ́ẹ̀tì náà wò, ó wá tẹjú mọ́ mi.

"Kí lo rán síbí?"

Mo ṣàlàyé, ohùn mi kò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó fi fọ́ọ̀kì sílẹ̀.

"Ṣé mo wá di kọ́tìnì ni?"

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rín pa mí. Mo fẹ́ pa á mọ́ra, kò ṣeé ṣe. Òun náà bú sẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí àìsàn ti dé. Ó na ọwọ́ sí mi, ó ní kí n yọ ọ́. N kò mú abẹ dání, mo bá fi eyín tú u níbẹ̀, ni òjé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dà sínú àwo. Agbáwo rí irin nínú oúnjẹ, ló bá sáré lọ pe ìyá àgbà tó ni ibẹ̀. Ìyá dé, ó ń bẹ̀ wá kíkankíkan, ó ní irú ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí nídìí ìkòkò òun. Mo ṣì ń wá irọ́ tí mo máa pa nígbà tí baálé mi gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, tó ń gbọ̀n lójú gbogbo èèyàn.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Kì í ṣe ẹ̀bi yín. Ọwọ́ mi ló ń gbọ̀n, ìyàwó mi ló fẹ́ fi wọ́n dè é mọ́lẹ̀."

Ohun tó ti ń fi pamọ́, òun fúnra rẹ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá gbé àwo mìíràn wá, ó ní ṣé kí òun gé e kéékèèké. Baálé mi ní rárá, kó gùn bó ṣe ń gùn. Ọbẹ̀ ta sí ṣẹ́ẹ̀tì, ó ta sí aṣọ tábìlì, ó ta sí èmi náà. Oúnjẹ tutù, ó sì jẹ ẹ́ tán. Ojú tì mí, ọ̀rẹ́ mi, nítorí èmi tí mo ní kó má sá pamọ́ mọ́ ni mo tún ń bá a wá ibi tó máa sá sí.

Lánàá, ọmọ wa wá kí wa. Mo ti fẹ́ gbé oúnjẹ bàbá rẹ̀ wọ yàrá, baálé mi ní kí n gbé e sórí tábìlì. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀. Ọbẹ̀ ń dà, ọmọ na ọwọ́, ó fẹ́ gba ṣíbí kó fún un jẹ. Bàbá rẹ̀ ní kó fi sílẹ̀.

"Sọ fún àwọn àna mi," ó ní, "kí wọ́n má fi ẹnikẹ́ni sí àga mi."

Nítorí náà, ìwọ náà tètè dé. Aṣọ ìyàwó ṣì ku ọwọ́ kan, n kò sì fẹ́ gbọ́ àwáwí orúnkún ẹnikẹ́ni. Bá mi kí baálé rẹ, bá mi kí àwọn ọmọ, kí o sì fa etí awakọ̀ kékeré yẹn díẹ̀ fún mi.

Tìrẹ ni mo jẹ́, nínú ẹ̀rín àti nínú agídí,

Ìyá Ìyàwó.