Aṣọ Tí Wọ́n Ní Ọkọ Mi Yàn

Ilé 41, Òpópónà Larkmead,
Becontree,
Dagenham.

Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kọkànlá, 2024.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Gbọ́ Ẹ̀hónú lórí Ìmùwẹ̀ Abẹ́ Omi,
London.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀HÓNÚ LÓRÍ ÌDÁJỌ́ PÉ LEVI OLÚṢÍNÀ FÚNRA RẸ̀ LÓ YAN WẸ́TÍSÚÙTÙ TÓ WỌ̀ LỌ SÍNÚ OMI TÚTÙ

Orúkọ mi ni Tiwaladé Olúṣínà. Èmi ni ìyàwó Levi Olúṣínà, ẹni tó kú ní oṣù Kẹta ọdún yìí, lẹ́yìn tí Ẹgbẹ́ Òmùwẹ̀ Brackwell mú wa lọ ṣe ìdánwò nínú adágún omi kan lẹ́yìn odi London. Ìdájọ́ yín tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní oṣù tó kọjá. Mo kà á, mo tún un kà. Gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ni mo ń bá jà, èyí tó sọ pé: "Olóògbé náà fúnra rẹ̀ ló yan wẹ́tísúùtù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dráísúùtù wà ní àrọ́wọ́tó."

Yorùbá ni mo fi kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé ọ́fíìsì yín sọ fún mi lórí fóònù pé ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé ní èdè tó bá yé e jù, pé ẹ ó wá ògbufọ̀. Ó sàn bẹ́ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí mo sọ fún yín nígbà àkọ́kọ́ ni ẹ fi di ẹ̀bi náà ru ọkọ mi, gẹ́gẹ́ bí n ó ṣe ṣàlàyé.

Ẹ̀yin mọ ìyàtọ̀ àwọn aṣọ méjèèjì jù mí lọ, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ yín lè má mọ̀ ọ́n. Wẹ́tísúùtù jẹ́ aṣọ rọ́bà tó lẹ̀ mọ́ ara. Omi díẹ̀ máa ń wọ inú rẹ̀, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ni yóò sì mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni omi ń tẹ rọ́bà náà, tí ó ń fẹ́lẹ́, tí òtútù sì ń rọ́nà wọlé. Dráísúùtù kì í gba omi láàyè rárá. Rọ́bà rẹ̀ fún mọ́ ọrùn àti ọrùn ọwọ́, ènìyàn a sì wọ aṣọ òtútù sábẹ́ rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wẹ́tísúùtù tó ẹni tó fẹ́ gbádùn ara rẹ̀. Nínú omi oṣù Kẹta ní ilẹ̀ yìí, fún ẹni tí yóò pẹ́ nísàlẹ̀, dráísúùtù ni. Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus, olùkọ́ àgbà Ẹgbẹ́ Brackwell, ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó tún ṣèlérí níwájú gbogbo wa pé kò sí ọmọ ẹ̀kọ́ òun tí yóò wọ omi tútù láìwọ dráísúùtù. Inú odò ìwẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni èmi àti Levi ti fi aṣọ náà dánra wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Levi jẹ́, nítorí pé "olóògbé náà" nìkan ni ẹ pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìlú Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà, apẹja sì ni bàbá rẹ̀. Kó tó mọ̀wé kà ló ti mọ omi wẹ̀. Nígbà tí a dé London, iṣẹ́ gba gbogbo ara rẹ̀. Ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù ní Dagenham Dock, iṣẹ́ òwúrọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, iṣẹ́ òru lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan ní Eastbrook. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, omi bálùwẹ̀ nìkan ló ń kàn án lára. Ó máa ń sọ pé òun ti di adìyẹ. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Brackwell wá sí ilé ìkàwé àdúgbò wa pé àwọn ń wá àwọn ènìyàn dúdú tó fẹ́ kọ́ ìmùwẹ̀ abẹ́ omi, àfi bíi pé wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó ní kí n bá òun lọ. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé, mo sì bá a lọ. Wọ́n yà wá ní fọ́tò, wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri Becontree. Ojú wa wúlò fún wọn nígbà náà.

Ní ọjọ́ ìdánwò, yìnyín funfun ṣì wà lórí koríko nígbà tí a dé etí omi. Kòtò tí wọ́n ti ń wa òkúta wẹ́wẹ́ látijọ́ ni adágún náà, ó jìn, ó sì dúdú. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, mo sì yára fà á yọ. Àwa mẹ́ta la fẹ́ ṣe ìdánwò: èmi, Levi, àti arábìnrin kan tó ń jẹ́ Jannah, tó mú dráísúùtù tirẹ̀ wá láti ilé. Ọ̀gbẹ́ni Hamid, tó ń tọ́jú ẹrù ẹgbẹ́ náà, gbé dráísúùtù méjì sílẹ̀ fún èmi àti Levi. Ọ̀kan dára. Rọ́bà ọrùn èkejì ti ya. Ìka mi wọ ojú ibi tó ya náà. Ẹni tó bá wọ irú rẹ̀ sínú omi ti wọ àpò tí omi yóò kún.

Mo sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus pé kí a padà sílé. Ó ní bí a bá padà, kò ní sí ìdánwò mìíràn títí di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, àti pé ó ku wẹ́tísúùtù kan nínú ọkọ̀ tí yóò bá Levi mu. Ó wá fi ọwọ́ gbá Levi léjìká, ó ní, "Ọmọ ọ̀sà ni ọ́. Omi kì í ṣe àlejò lára rẹ." Ẹ̀yin Ọ̀gá, omi ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí omi ìwẹ̀ ọmọ tuntun. Kí ló pa ọmọ tó wẹ̀ níbẹ̀ àti yìnyín pọ̀?

Levi kò bá a jiyàn. Ó wo aṣọ tó dára, ó wò mí, ó ní, "Tiwa, ìwọ wọ èyí. Òtútù kì í bá ọ lára mu." Mo ní rárá. Ó ní, "Jọ̀ọ́. Bí mo bá ń wò ọ́ tí o ń gbọ̀n nísàlẹ̀ omi, n kò ní lè ṣe nǹkan kan." Ó fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ náà fún mi. Lẹ́yìn náà ni ó lọ wọ ohun tó kù.

Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus ní a kò ní pẹ́. A pẹ́. Ó kó wa lọ sórí pèpéle irin kan tó wà nísàlẹ̀, ó fọwọ́ júwe pé kí a kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí ó máa yẹ̀ wá wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Apá kan nínú ìdánwò Jannah kò lọ déédéé, Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus sì ń fọwọ́ júwe fún un pé kí ó tún un ṣe, kí ó tún un ṣe. Àwa méjì kúnlẹ̀, a ń retí. Levi ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà, èyí tí í ṣe àmì pé òtútù ń mú ènìyàn. Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus rí i. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí i pé kó dúró. Levi tún ṣe àmì náà. Ó tún na àtẹ́lẹwọ́ sí i. Jannah rí méjèèjì, èmi náà rí méjèèjì. Nígbà tó yá, Levi kò ṣe àmì kankan mọ́, mo sì rò pé ara rẹ̀ ti balẹ̀. Àṣé ọwọ́ rẹ̀ ni kò ká mọ́. Ohun tí a fi ń mí yọ kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwọn ìka rẹ̀ sì ń wá a kiri bí ìka afọ́jú, wọn kò rí i mú. Mo tì í padà sí i lẹ́nu. Eyín rẹ̀ kò pa dé mọ́ ọn. Èmi àti Jannah ló fà á gòkè. Ó kú ní ilé ìwòsàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Níbẹ̀, nígbà tí omi ṣì ń kán ní irun mi, obìnrin kan tó fi káàdì ìgbìmọ̀ yín kọ́ ọrùn jókòó tì mí. Ó káàánú mi, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló fún ọkọ mi ní wẹ́tísúùtù. Mo dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì pé òun fúnra rẹ̀ ló mú un. Ìyẹn ni ẹ gbé, tí ẹ fi ṣe ìdájọ́. Ká ní Yorùbá ni ó fi bi mí ni, n bá ti sọ pé: ó fi èyí tó dáa fún mi, ó mú èyí tó kù. Ní èdè tiwa, ẹni tí a gbé méjì síwájú rẹ̀ ni à ń pè ní ẹni tó yàn. Àṣẹ́kù ni ohun tó kàn Levi. Dráísúùtù tí ẹ ní ó wà ní àrọ́wọ́tó, èmi ni mo wọ̀ ọ́.

Kò sí ẹni tó bi Jannah nípa àmì ọwọ́ Levi. Bí a ṣe ń tẹ àyà rẹ̀ kó lè mí ni wọ́n bi í, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Hamid wá sílé mi ní oṣù Kẹfà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò fẹ́ jókòó. Ó ní láti àkókò Kérésìmesì ni rọ́bà ọrùn yẹn ti ya, pé òun sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, èsì rẹ̀ sì ni pé wọn yóò máa rọ́gbọ́n dá sí i. Hamid ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní òun ṣe tán láti sọ ọ́ lójú yín, pẹ̀lú orúkọ òun.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń wọ aṣọ funfun, àwọn kan ní ẹ̀mí omi ló pe Levi padà. Ìyá Àgbà Magdalene ní kí n gbààwẹ̀, kí n má bá aráyé jà. Mo gbààwẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí omi kọ́ ló fi aṣọ tó ya sílẹ̀ láìtún un ṣe. Ẹ̀mí omi kọ́ ló na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹni tí òtútù ń pa.

Ẹgbẹ́ Brackwell ránṣẹ́ sí mi pé àwọn fẹ́ gbé àga onígi kan sí etí adágún náà, kí wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé Levi fẹ́ràn omi. Mo kọ̀. Wọn kò tíì sọ fún mi títí di òní pé àwọn ṣe àṣìṣe.

Èyí tó mú mi kọ̀wé nìyí. Ìdájọ́ yín jáde nínú ìwé ìròyìn àdúgbò. Ọmọbìnrin wa, Eden, ti ilé ẹ̀kọ́ dé, kò bọ́ bàtà, ó dúró ní kíṣìnnì. Ó ní Zoe, ọ̀rẹ́ òun, sọ pé ìyá rẹ̀ kà á pé Dádì ló mú aṣọ tí kò dáa. Ó wá bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé Dádì kò mọ̀ pé mò ń retí òun nílé ni?" Ẹ̀yin Ọ̀gá, èsì yòówù tí mo bá fún un yóò di ẹrù sí i lọ́rùn. Bí mo bá ní bàbá rẹ̀ kò yan nǹkan kan, yóò bi mí pé ta ló wọ èyí tó dára. Mo sọ fún un. Ó di mọ́ mi. Láti ọjọ́ náà ni kò ti jẹ́ kí n dá nìkan jáde mọ́.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, mo sì ń béèrè bí ẹni tó ní ẹ̀tọ́: kí ẹ yọ gbólóhùn yẹn kúrò, kí ẹ kọ òtítọ́ sí ipò rẹ̀, pé dráísúùtù kan ṣoṣo tó ṣeé wọ̀ ni Ẹgbẹ́ Brackwell gbé wá fún ènìyàn méjì, tí Levi Olúṣínà sì fi í fún ìyàwó rẹ̀. Kí ẹ pe Jannah àti Hamid, kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Kí ẹ sì pe Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus kó wá sọ ìdí tí kò fi kó wa gòkè nígbà tí ọkọ mi kọ́kọ́ ṣe àmì. Kì í ṣe ẹ̀san ni mo ń wá. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀san ni, n bá ti lọ bá a nílé rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Sylvanus ṣì ń kọ́ni. Jannah sọ fún mi pé àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ tuntun yóò wọ adágún náà kí ọdún tó parí. Omi ti bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn kí wọ́n tó wọ̀ ọ́.

Ẹ ṣeun tí ẹ kà á dé ibí.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti ìrora,

Tiwaladé Olúṣínà,
Ìyàwó Levi, ìyá Eden.