Ilé Tí Ó Ń Tẹ̀ Lé Wa

Lorna, ọmọ mi,

Ara èmi àti bàbá rẹ le lórí òkè Wyoming yìí. Ilé onítáyà tí ọkọ̀ wa ń fà fì síhìn-ín sọ́hùn-ún díẹ̀ nínú atẹ́gùn lánàá; àwo nìkan ló fọ́. Ọkùnrin kan níbi tí a ti ra epo wo ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù wa àti ilé ńlá tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín: "Bàbá, ilé yìí ló ń wà yín o!"

"Mo ti ń fa ilé kí ìyá rẹ tó bí ọ," ni bàbá rẹ fèsì. Síbẹ̀, ó kó ẹrù wúwo kúrò lẹ́yìn ilé náà wá síwájú, kí ó má baà fì mọ́.

Ọ̀nà tí ó kù jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ títí dé ìlú Sheridan. Bàbá rẹ ní òun fẹ́ máa wo igi, nítorí náà èmi ni yóò wakọ̀. Kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀ rí. Nígbà tí ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Gbá àwọn ọmọ mọ́ra fún mi, kí ó pẹ́ díẹ̀.

Ìyá rẹ,
Verna