Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbín Rẹ Wà Lọ́wọ́ Mi

Ilobi,
Oṣù Kọkànlá, ọdún 2019.

Toheebat Àṣìkẹ́, ọmọ mi dáadáa,

Ṣé o jí dáadáa? Ṣé ara le bí a ṣe fẹ́? Ṣé òjò Ìbàdàn ò gba ojú fèrèsé wọlé bá ọ mọ́ bí o ṣe sọ lọ́jọ́sí? Ọlọ́run Ọba tó dá ọ sí títí di òní yóò dá ọ sí kalẹ̀ fún mi, ọ̀gá rẹ ní ọ́fíìsì yóò máa fi ojú àánú wò ọ́, ẹni tó bá sì ní kí o má rí jẹ, Ọlọ́run yóò pèsè tirẹ̀ fún un ní ọ̀nà jíjìn kó má baà ráyè tìẹ. Àmín.

Gbogbo wa wà dáadáa nílé. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, àfi tí wọ́n bá ní oúnjẹ ti délẹ̀. Ewúrẹ́ tó lóyún ti bí ìbejì. Bọ́dà ṣì wà ní títì, láti oṣù Kẹjọ tí wọ́n ti tì í ni Edith, oníbàárà mi tó ń wá láti Pobè, ò ti lè kọjá wá kó ìgbín mọ́. Ó ránṣẹ́ pé àárò mi ń sọ òun. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé àwọn ìgbín òun ti kún àtẹ́lẹwọ́ nínú táyà tí mo ti ń sìn wọ́n, wọ́n ń jẹ ewé ìbẹ́pẹ lọ ní tiwọn, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti bọ́dà. Ìrẹsì tí à ń jẹ báyìí, òkúta inú rẹ̀ pọ̀ débi pé bàbá rẹ máa ń ka eyín rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Wọ́n ní epo bẹntiróòlù náà ò gbọdọ̀ dé ìtòsí bọ́dà mọ́, àwọn ọlọ́kadà wá sọ owó ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, wọ́n sì tún ń fajú ro sí èèyàn lórí ẹ̀.

Ohun tó mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ilé ìgbín rẹ tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù, torí mo ti rí i pé ẹnu tó wà níbẹ̀ ti pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi fi lẹ́tà yìí rán awakọ̀ tó ń kó gààrí wá sí Ìbàdàn. O rántí pé o pè mí lóṣù tó kọjá, ò ń sunkún, o ní o fẹ́ ti ibẹ̀ pa, pé ó ti tó ọdún méjì tí o ti ń kọ̀wé nípa ìgbín, bí wọ́n ṣe ń sìn ín, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹyin rẹ̀, ṣùgbọ́n ìsọkúsọ tí àwọn èèyàn ń kọ sábẹ́ rẹ̀ ti sú ọ. Àyà mi já. Mi ò ní purọ́ fún ọ, kì í ṣe nítorí ẹkún rẹ nìkan. Látìgbà tí Edith ò ti wá mọ́, àwọn tó ń ka ilé ìgbín rẹ yẹn náà ló ń ra ìgbín lọ́wọ́ mi. Bí o bá tì í, ta ni màá tà á fún? Bàbá rẹ tó ń jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Nígbà tí mo sọ fún bàbá rẹ, ó ní àbí ìwọ náà ti di kọ́sítọ́ọ̀mù ni, tí o fẹ́ ti ọ̀nà mọ́ gbogbo èèyàn nítorí àwọn kan. Mo wá bẹ̀ ọ́ pé kí o fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀, ọ̀rọ̀ tí à ń tẹ̀ kó tó ṣí, kí n bá ọ ṣọ́ ọ fúngbà díẹ̀. O fún mi, o ní kí n kàn máa pa èyí tí kò bá dára rẹ́. Àbọ̀ iṣẹ́ tí o rán mi nìyí.

Mi ò pa ìkankan rẹ́. Ta ló ń pa àlejò rẹ́? Ẹni tó bá ṣílẹ̀kùn wọlé tó sì sọ̀rọ̀, ó yẹ ká dá a lóhùn ná. Mo gbé àpótí lọ sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá àwọn táyà, mo bẹ̀rẹ̀ láti òkè, mo ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan kọ pé ó dára, kò kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ sí i pé ẹ ṣeun o, ẹ kú ilé, ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ, mo wá di fóònù mú títí ọbẹ̀ fi jóná, kò fèsì. Mo ní bóyá wọ́n pè é síta ni. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ kọ nǹkan kan, àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Mo ní àgbàlagbà tó pọ̀ tó báyìí tí wọn ò mọ̀wé kọ, tó jẹ́ pé àtàǹpàkò ni wọ́n ń tẹ̀! Mo kọ sí wọn pé kí wọ́n má tijú, pé èmi náà ò kọjá ìwé mẹ́fà, pé ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà wà nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lọ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé lọ́yà ni òun. Mo ní kò burú, kó sá ti bẹ̀rẹ̀.

Ọkùnrin kan tún wá tó ní òun ń yá èèyàn lówó láìgba onídùúró. Mo ní kó sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún mi àti àdúgbò tó ń gbé, torí èmi kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ ilé rẹ̀. Ó ní èmi ni kí n fi nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì báǹkì mi ránṣẹ́. Mo ní epo pupa ti pa nọ́ńbà yẹn rẹ́, kó máa bọ̀ wá wò ó fúnra rẹ̀, tó bá dé Ìlaròó kó wọ ọ̀kadà Ilobi, kó ní ilé Ìyá Toheebat tó ń sin ìgbín, kó sì bá mi ra búrẹ́dì bọ̀ lọ́nà. Títí di òní ni mò ń wo ọ̀nà.

Obìnrin kan náà wà níbẹ̀ tó ń jẹ́rìí pé ọkọ òun kó jáde nílé, pé dókítà kan ló fi oògùn dá a padà. Mo bá a yọ̀, mo ní ọkọ tèmi ò lọ ibì kankan, orúnkún ń dùn ún. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó tún dé, ọkọ rẹ̀ tún ti lọ, dókítà tún ti dá a padà. Mo tún bá a yọ̀. Nígbà tó yá tí orúkọ ọkọ náà ń yí padà ní gbogbo ìgbà tó bá wá jẹ́rìí, mo ní arábìnrin mi, ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá ti dókítà, jókòó kí o ro ohun tí ò ń fún wọn jẹ.

Gbogbo ìyẹn ò le. Èyí tó le ni ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní Kìnnìún Bọ́dà. Ọmọ mi, mo wá mọ ohun tó ń pa ọ́ lẹ́kún. Kò síbi tí o kọ nǹkan sí tí kò tẹ̀lé ọ débẹ̀. Ó ní o ò fọwọ́ kan ìgbín rí láyé rẹ. Ó ní ohun tí ò ń kọ ò wúlò fún wíwé àkàrà. Ó ní orí ẹni tó ń kọ ọ́ àti orí ẹni tó ń kà á, ìkarahun lásán ni, kò sẹ́ran níbẹ̀. (Má bínú, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀ yẹn.) Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù, ó kọ ọ́ pé ẹni tí ìgbín rẹ̀ bá ń ṣàìsàn, kó bu iyọ̀ sí i lára. Iyọ̀! Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lábísí ní Ìwó kà á, ó gbà á gbọ́, ó sì kọ síbẹ̀ pé òun ti bu ú sí ẹyọ kan, ó sì ń hó bí ọṣẹ, ṣé àìsàn náà ló ń jáde yẹn, kí òun bu ú sí àwọn tó kù? Igbe tí mo ké, bàbá rẹ dìde láìrántí orúnkún. Mo fi lẹ́tà ńláńlá kọ ọ́ sí i pé OMI NI O, MÁ BU IYỌ̀ MỌ́, OMI NI, KÍÁKÍÁ. Ó rí i kó tó bu ú sí àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ẹyọ kan yẹn kú. Ojú tì mí bíi pé èmi ni mo pa á, torí inú ilé wa ló ti gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ yẹn, ó kù díẹ̀ kí n pè ọ́ pé kí o ti ibẹ̀ pa lóòótọ́.

Mo ní kí n kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ ná. Mo bi Kìnnìún Bọ́dà pé ọmọ ta ni. Ó bú mi. Mo tún bi í pé ọmọ ta ni. Ó ní kí ìyá arúgbó lọ sùn. Mo ní oorun ò kùn mí, ọmọ ta ni ọ́? Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wá bú mi, èébú náà gùn kan ilẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á lọ ni mo ń wò ó pé ẹni tó ń kọ irú eléyìí lọ́sàn-án gangan, kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ó sì ṣeé ṣe kó má tíì fẹnu kan nǹkan. Mo bi í pé ṣé o ti jẹun. Ó wá kọ ọ́ pé rárá, mà.

Bí mo ṣe rí "mà" yẹn ni mo mọ̀ pé ó nílé, wọ́n sì tọ́ ọ. Ló bá ń sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní alùpùpù ni òun fi ń kẹ́rù láti Ìdìrókò tẹ́lẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti ti ọ̀nà, alùpùpù náà ń bẹ lábẹ́ igi máńgòrò, adìyẹ ń sùn lórí ẹ̀. Ìyàwó ti kẹ́rù lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó ní Ṣàíbù ni orúkọ òun, ọmọ Jẹ̀mílátù tó ń ta àdín ní Agosasa.

Kò ní kí n wá o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bú ọmọ mi, tí mo sì ti mọ ìyá rẹ̀, ṣé orí fóònù ni màá ti parí ẹ̀? Mo di gààrí àti ìgbín mélòó kan sínú báàgì, mo wọkọ̀. Lójú ọ̀nà, ọmọkùnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù yẹ báàgì mi wò, ó ní ṣé kì í ṣe ìgbín ilẹ̀ Faransé nìyí. Mo ní kó bá wọn sọ̀rọ̀, èyí tó bá fi Faransé dáhùn, kó gbà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ.

Mo bá Jẹ̀mílátù níwájú ilé, a kíra, ó bu omi fún mi. Mo ní ìjà ọmọ tèmi àti ọmọ tiẹ̀ ni mo bá wá. Ó ní iléèwé wo ni wọ́n ti jà. Mo ní orí fóònù ni. Ó pe Ṣàíbù. Ọmọ tó gùn bí ọ̀pá iṣu ló jáde, láìwọ ẹ̀wù, fóònù lọ́wọ́. Mo ní èmi ni Ìyá Toheebat onílé ìgbín. Fóònù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí èèpo ẹ̀kùrọ́. Jẹ̀mílátù ní kó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú mi, kò lè sọ ọ́. Jẹ̀mílátù wá ní kí n bá òun kà á. Nígbà tí mo ka ti ìkarahun, ó gé ètè jẹ kó má baà rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá gbé ọmọrogùn. Ó ní ṣé ohun tó ń tẹ̀ba lé lórí láràárọ̀ nìyí, tó ní iṣẹ́ lòun ń wá, tí òun ń ṣe àmín fún un láti inú ilé ìdáná! Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ kalẹ̀. Ṣàíbù ní òun ò mọ̀ pé èèyàn wà níbẹ̀, pé ṣe ló dà bí ẹni ń pariwo nínú yàrá òfìfo, kò sẹ́ni tó bi òun ní nǹkan kan rí. Nígbà tí mo sọ ti ìgbín Lábísí fún un, ó fọwọ́ bojú.

Ó ti ń fi alùpùpù yẹn bá mi gbé ìgbín lọ sí gáréèjì Ìlaròó fún àwọn oníbàárà báyìí, ó sì máa ń jẹun kó tó lọ. Lábísí ra ìgbín lọ́wọ́ mi, Ṣàíbù fi owó ara rẹ̀ ra ẹyọ kan kún un, dípò èyí tó kú. Wàhálà tó kù ni pé ìrònúpìwàdà rẹ̀ ti pọ̀ jù. Gbogbo ibi tó ti bú ọ ló ń padà lọ láti tọrọ àforíjì, tòun ti orúkọ ìyá rẹ̀ àti àpèjúwe ilé wọn, débi tí èèyàn ò fi rí ọ̀rọ̀ ìgbín kà mọ́. Lábísí ní kó jọ̀ọ́, òun ti dárí jì í, kó sinmi. Ṣàíbù wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ níbi gbogbo.

Nǹkan kan kù tí mo fẹ́ sọ, má pariwo o. Ṣàíbù fi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ hàn mí, mo sì ti pààrọ̀ ẹ̀. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ò ní ṣí i mọ́, kò sì ní tì í. Tí o bá ní ọ̀rọ̀ ìgbín tuntun, kọ ọ́ sórí ìwé kí o fún awakọ̀, a ó bá ọ gbé e síbẹ̀. Tó bá sì jẹ́ kọ́kọ́rọ́ gan-an lo fẹ́, wá gbà á nílé. Láti Iléyá ni mo ti rí ọ gbẹ̀yìn, mi ò sì lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rán ẹnikẹ́ni, bàbá rẹ pàápàá ò mọ̀ ọ́n.

Bí o bá ń bọ̀, mú owó dátà lọ́wọ́, kíkí èèyàn ń jẹ dátà púpọ̀. Mú owó nẹ́ẹ̀tì tí a ó fi bo àwọn táyà náà, àti oògùn ìpara fún orúnkún. Tí kò bá sí owó púpọ̀, ara rẹ ni kí o gbé wá.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rẹ máa bá etí tó ṣí pàdé. O ò ní sọ̀rọ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ní dá ọ lóhùn, ìwọ náà ò sì ní di ẹni tí kì í dáni lóhùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àṣíáwù.