Ẹyẹ Apẹja tí Wọ́n So Mọ́gi Lójú Odò Niamey

                                        Ilé Alhaji Bùkárì,
                                        Ẹ̀bá Ọ̀nà Yunifásítì,
                                        Harobanda,
                                        Niamey, Niger.
                                        10 Oṣù Èrèlé, 2025.

Zubaidat, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ìyá Nùsáybà, o kú ilé o, o kú ìtọ́jú ọmọ, o sì kú ooru Ìlọrin. Ṣé ara Nùsáybà ti yá? Ikọ́ tí o ní kì í jẹ́ kó sùn yẹn, ṣé ó ti lọ? Bàbá rẹ̀ ńkọ́, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Eékún ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Bá mi kí wọn gan-an. Níbí, ọyẹ́ ò tíì fẹ́ lọ. Eruku wà nínú ìrẹsì, ó wà nínú omi mímu, ó wà nínú imú. Ṣùgbọ́n ara le, a dúpẹ́.

Nínú ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí wásáàpù, o bi mí pé báwo ni ìgbádùn èmi àti Festus ṣe lọ ní Sátidé. Mi ò dá ọ lóhùn nítorí mi ò lè fi ẹnu sọ ọ́. Mo ní kí n kúkú kọ ọ́, kí n lè máa dúró tu itọ́ dànù bí mo bá ti ń kọ ọ́ lọ. Zubaidat, ọkùnrin náà ti kó mi nírìíra.

O mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ń wá mi kiri láti báǹkì wọn, tí mo ń sá fún un, ìwọ lo wo àwọn fọ́tò ẹyẹ tó ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí o ní ọkùnrin tó lè jókòó sójú kan láti àárọ̀ dọ̀sán kí ẹyẹ má baà fò, sùúrù ń bẹ níkùn rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ẹ yóò gbádùn. Mo gbà ọ́ gbọ́. Mo gbà débi pé a ti dá ọjọ́. Lẹ́yìn Àjíǹde, àwọn ènìyàn rẹ̀ ń bọ̀ wá mọ ilé wa ní Òṣogbo. Bàbá mi ti ń kun ilé nítorí wọn.

Ó wá fi mọ́tò gbé mi láàárọ̀ Sátidé, ó ní òun fẹ́ kí n fojú ara mi rí bí òun ṣe ń ya àwọn ẹyẹ náà. A lọ háyà káyàkì létí odò, ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó rí bí èèpo ẹ̀pà tí wọ́n là sí méjì. Ènìyàn méjì ló ń gbà, àjẹ̀ la sì fi ń wà á. Aṣọ ìléfòó tí wọ́n fún mi kí n má baà rì ń rùn, òógùn gbogbo ẹni tó ti wọ̀ ọ́ rí ló wà lára rẹ̀. Mo dí imú, mo wọ̀ ọ́. Èmi jókòó níwájú, Festus wà lẹ́yìn pẹ̀lú kámẹ́rà ẹlẹ́nu gígùn.

Mi ò ní purọ́ fún ọ, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Odò kún dáadáa lásìkò yìí. Lékeléke tò sórí koríko bí aṣọ funfun tí wọ́n sá. Pẹ́pẹ́yẹ igbó ń gbéra lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Erinmi kan yọ imú lókèèrè, àyà mi já, Festus rẹ́rìn-ín, ó ní kò ní dé ọ̀dọ̀ wa. Mo ń rò ó lọ́kàn mi pé bóyá báyìí ni ayé wa yóò ṣe máa rí.

Àfi bí a ṣe dé ibi tí gọ́tà ìlú ti ń ṣàn wọ odò. Omi ibẹ̀ dúdú, ó ń hó bí ọṣẹ. Ọ̀rá, bàtà, ìfun ẹran, gbogbo rẹ̀ ló léfòó. Òkú ewúrẹ́ kan wú bí bọ́ọ̀lù, eṣinṣin bò ó. Mo gbé àjẹ̀ mi sókè, páḿpásì ọmọdé ló rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, omi rẹ̀ sì ro sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Festus, jẹ́ ká padà." Ó ní, "Má wo ìsàlẹ̀. Ẹyẹ ni kó o máa wò." Lékeléke kan bà sórí òkú ewúrẹ́ yẹn gan-an. Festus yà á, ó fi hàn mí. Ẹyẹ funfun báláú nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí ewúrẹ́, kò sí eṣinṣin. Mo ní ó mọṣẹ́. Zubaidat, èmi fúnra mi ni mo yìn ín!

A wà á dé ẹ̀yìn erékùṣù kan tí wọ́n ń gbin ìrẹsì sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí ẹyẹ apẹja kékeré kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò, àyà rẹ̀ bí osùn, ẹnu rẹ̀ pupa. Ó dúró sórí igi kan tí wọ́n rì mọ́ ẹrẹ̀. Mo fọwọ́ bo ẹnu kí èémí mi má baà lé e. A sún mọ́ ọn títí, kò fò, ó kàn ń wò wá ṣáá. Mo ní lọ́kàn mi pé sùúrù Festus tí o sọ nìyẹn. Lójijì ó na ìyẹ́, ó fò, kò tíì jìnnà tí nǹkan fi fà á padà, ó sorí kodò lábẹ́ igi náà, ó ń jà pàtìpàtì. Okùn ìpẹja ni wọ́n fi so ó lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ti bó, ó ti wú, ó ti ń rà.

Mo kígbe. Apẹja kan, àgbàlagbà tí Festus pè ní Sumana, jáde látinú koríko. Ó ń fi èdè Zarma kí wa, "Fofo, fofo." Ó mú ẹyẹ náà, ó gbé e padà sórí igi bí ẹni gbé ife sórí tábìlì. Ó wá sọ fún Festus ní Hausa, tí èmi náà gbọ́, pé èyí tí òun so lọ́sẹ̀ tó kọjá ti kú, ṣùgbọ́n òun ti rí irú èyí tí Festus ní kí òun wá, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń tàn.

Mo yíjú padà. "Ìwọ lo ní kó so ó?"

"Adédùntán, rọra. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ta ló fẹ́ máa dúró de ẹyẹ látàárọ̀?"

"Gbogbo àwọn tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?"

Festus sọ̀kalẹ̀, ó mú ẹja wẹ́wẹ́ kan nínú agbọ̀n Sumana, ó fi ìka méjì ya ẹnu ẹyẹ náà, ó ki ẹja bọ̀ ọ́. Ẹyẹ náà pọ̀ ọ́. Festus tún ki ẹja náà bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ó sì yà á. Ìka kan náà yìí ló fi bu àkàrà òyìnbó sí mi lẹ́nu lọ́jọ́ ìbí mi.

Mi ò mọ ìgbà tí mo bọ́ sínú ẹrẹ̀. Mo ní kí Sumana yá mi ní ọ̀bẹ rẹ̀, ó wo ojú Festus, kò yọ ọ́. Mo bá gbá ẹyẹ náà mú, mo fi eyín gé okùn náà. Ẹrẹ̀, ìdọ̀tí ẹja, àti nǹkan tó ń rà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, mo tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì lọ́wọ́ mi. Nígbà tí okùn já, ó rá bàbà lórí omi, ẹsẹ̀ kan ń mì dirodiro nísàlẹ̀ rẹ̀, ó wọ inú koríko. Bóyá ó yè, bóyá kò yè, mi ò mọ̀.

Festus jágbe mọ́ mi. "Ṣé orí rẹ pé? Nítorí ẹyẹ lásán!" Lójú mi níbẹ̀ ló ti kọjú sí Sumana, tó ní kó wá òmíràn de òun di Sátidé tó ń bọ̀. Sumana ní òun ti gbọ́. Bí a ṣe ń lọ, ó sọ fún mi, kò tilẹ̀ bínú, pé, "Hajiya, àwa kì í jẹ ẹyẹ yìí. Bí ẹ̀yin ò bá béèrè rẹ̀, kí la fẹ́ so ó fún?" "Ẹ̀yin" tó wí yẹn dùn mí, torí ó kó èmi náà mọ́ ọn.

Inú ọkọ̀ kan náà la ṣì jọ wà padà. Bí mo bá fi àjẹ̀ sọ́tùn-ún, òun náà á fi sọ́tùn-ún. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lẹ́yìn ọrùn mi, ara mi ń sá fún un. Nígbà tí a gúnlẹ̀, ó ti ń rẹ́rìn-ín, ó na kámẹ́rà sí mi: "Wò ó ná, kò dára ni?" Ó dára, Zubaidat. Ohun tó ń rí mi lára jù nìyẹn.

Mo wẹ̀, mo tún wẹ̀, mo fi iyọ̀ fọ ẹnu títí ó fi bó. Lánàá mo pe bàbá mi, mo ní kí wọ́n sọ fún àwọn ará ilé Festus pé kí wọ́n má wulẹ̀ wá mọ́. Wọ́n ní ṣé ó nà mí ni? Mo ní rárá, ẹyẹ ló so mọ́gi. Wọ́n ní, "Ẹyẹ ṣá?" Màámi gba fóònù, wọ́n sunkún, wọ́n ní ọjọ́ orí mi ò kéré mọ́, ọmọ ta ni kò mú ẹyẹ rí? Mo mọ̀ pé wọn yóò pè ọ́ kí o bá mi sọ̀rọ̀. Mo bẹ̀ ọ́, má gbà fún wọn. Ká ní ìbínú ni, ìbá ti rọlẹ̀. Ìríra ni, mi ò sì rí i kó rọlẹ̀.

Láàárọ̀ yìí ni mo bá fọ́tò náà níbi tí Màámi gbé e sí lórí wásáàpù fún gbogbo ènìyàn. Festus ti fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ti fi ẹ̀rọ pa okùn náà rẹ́, ẹyẹ náà ń dán, ẹja wà lẹ́nu rẹ̀. Màámi kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé, "Iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run tóbi. Ọkọ ọmọ mi ló yà á." Mo wò ó títí. Ó pa okùn rẹ́, kò rántí pa egbò. Mo kọ ìlà kan péré sí wọn: "Màámi, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀." Nígbà tí mo padà lọ wò ó lọ́sàn-án, fọ́tò náà ò sí níbẹ̀ mọ́.

Kí bàbá Nùsáybà fún mi, kí o sì gbé Nùsáybà jó díẹ̀ lórúkọ mi. Àwọn aládùúgbò yín àtijọ́ ní Wadata, ní Niamey níbí, ní kí n kí ọ.

Èmi ni, tìrẹ lẹ́rìn-ín, tìrẹ lẹ́kún,

Adédùntán