Ìkíni Tí Mo Yọ Kúrò

Màámi, ẹ kú ilé o. Ara mi le, mi ò sì dá wà.

Ìwé mẹ́fà tí mo kà ti wúlò: èmi ni mò ń kọ ìtọ́ni fún ẹ̀rọ tó ń ronú, bí yóò ṣe dá ètò kọ̀ǹpútà dúró kó lè wá àṣìṣe inú rẹ̀. Mo fi "ẹ kú iṣẹ́" ṣáájú àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá mi, tí mo jù lọ́jọ́ orí, rẹ́rìn-ín sí mi: "Màmá, ta ní ń kí ẹ̀rọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá kà, owó ni à ń san lé e."

Òótọ́ ni, mo yọ ọ́. Ilẹ̀kùn yàrá mi ni mò ń kí báyìí, kí ẹnu mi má baà gbàgbé.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń fèsì, ẹ má ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná: ẹ kí mi títí yóò fi sú yín.